Òwú Oríṣi Méjì Lápá Mi

Pọ́n-ùn kan àti ogójì pẹ́ńsì ni wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan ṣoṣo nílùú tí mo wà yìí. Ẹyọ kan ni mo wí o, kì í ṣe ìdì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lórí àtẹ ará Gánà kan, mo gbé e sókè, mo yí i po, mo ń wò ó bóyá nǹkan mìíràn wà nínú rẹ̀. Ará Gánà náà ní kí n má tẹ ọjà òun. Mo ní ẹni tó bá máa san irú owó yìí lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó yẹ kó lè fọwọ́ pa á lórí. Mo rà á. Mo dín in, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá àwo. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí dókítà sọ fún mi pé kíndìnrín mi méjèèjì ti ṣíwọ́ iṣẹ́, pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà lára ohun tí n kò gbọdọ̀ jẹ bó ṣe wù mí mọ́. Ọ̀rọ̀ kíndìnrín bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo kọ́kọ́ sunkún lé lórí.

Òwò òwú ni mò ń ṣe nílé, ní Ìlá Ọ̀ràngún. Òwú ìránṣọ, síìpù, bọ́tìnnì, rọ́bà ìbàdí, gbogbo ohun tí télọ̀ bá ń wá. Àwọn télọ̀ máa ń gun ọ̀kadà láti Ọ̀rà àti Òkè-Ìlá wá bá mi. Wọ́n á ní ọjà mi wọ́n jù, èmi náà á ní ẹnu wọn gùn jù, a ó jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rà á. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ọkọ mi, Bàbá Wúrà, ló rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó níbí, òun ni mo tẹ̀ lé wá. Wúrà, ọmọbìnrin wa, wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìlá, ó ń lọ sí ilé ìwé. Àdéhùn wa ni pé bí ara wa bá ti rọlẹ̀, a ó ránṣẹ́ pè é.

Gbogbo èèyàn ló kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé. Kò sẹ́ni tó sọ ti ìdákẹ́jẹ́ fún mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ bọ́ọ̀sì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kí gbogbo wọn káàárọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ owó. Obìnrin kan tilẹ̀ fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì bí olè, tí mò ń yọ́ jókòó, tí mò ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé wọ́n jẹ mí ní nǹkan kan níta.

Ilé ìfọṣọ ńlá kan ló gbà mí síṣẹ́. Àwọn aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́, èmi á ká a. Ọ̀gá wa ni Bóṣénà, ọmọ Póláǹdì, obìnrin gbọọrọ kan tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí gbaguda tí wọ́n sá sóòrùn. Inú rẹ̀ kò burú. Ó kàn fẹ́ràn aago ju èèyàn lọ ni. Bí èèyàn bá dé, káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò fi kan ẹ̀rọ ara ògiri kí aago lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó rẹ̀. Bó bá jáde, yóò tún fi kàn án. Èyí tó bá ṣe láàárín méjèèjì, ìyẹn kò kan aago.

Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wú. Mo ní ìdúró ló fà á. Ojú mi wú, mo ní oorun ni. Ìgbà tó di pé n kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láì jókòó sinmi láàárín rẹ̀ ni Bàbá Wúrà wọ́ mi lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo ti ń gbé kiri láti Ìlá, tí mò ń pè ní orí fífọ́, tí mò ń fi oògùn ẹ̀fọ́rí lé lọ, òun ló ti jẹ kíndìnrín mi tán. Ẹ̀rọ ló wá ń bá mi fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Wúrà pé èmi tí mò ń ká aṣọ fífọ̀, wọ́n ti sọ èmi gan-an di aṣọ. Kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin yẹn kì í mọ ìgbà tí mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ kí n má baà sunkún.

Kí ẹ̀rọ tó lè fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tó fẹ̀ gbà jáde, kó sì rí èyí tó fẹ̀ gbà wọlé. Iṣan apá tèmi tín-ín-rín. Wọ́n ti gbìyànjú láti so méjì pọ̀ kí wọ́n lè nípọn, kò bọ́ sí i. Ni wọ́n bá ti rọ́bà bọ̀ mí lọ́rùn, tí orí rẹ̀ ń yọ jáde lábẹ́ aṣọ mi bí ẹni tó ń yọjú wo ọjà. Rọ́bà náà ti kó àìsàn wọnú ẹ̀jẹ̀ mi rí lẹ́ẹ̀kan. Ibà tó dé bá mi nígbà náà, mo gbọ́ tí bàbá mi tó ti kú ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Dókítà kò fi bò fún wa: bó bá tún ṣẹlẹ̀, ó lè má rí mi mú padà.

Ó wá ní ọ̀nà kan wà. Ó ní àwọn kan ní yunifásítì ń fi òwú ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti fi sára àgùntàn, wọ́n fẹ́ fi sára èèyàn díẹ̀ báyìí. Bí mo bá gbà, wọ́n á ri ọ̀kan sábẹ́ awọ apá òsì mi, wọ́n á so orí rẹ̀ kan mọ́ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀, wọ́n á so ìkejì mọ́ èyí tó ń gbé e padà. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ á máa wọ̀. Wọ́n á sì yọ rọ́bà ọrùn mi.

Mo ní, "Èló ni?"

Ó ní ọ̀fẹ́ ni.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti bà mí. Èmi náà ti pín òwú lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Bí ilé iṣẹ́ kan bá gbé òwú tuntun jáde, wọ́n á kó páálí kan fún àwa ọlọ́jà, pé kí á ta àwọn télọ̀ lọ́rẹ. Kì í ṣe ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá yóò já ni, wọ́n sì fẹ́ kó jẹ́ ara oníbàárà ni yóò já sí. Télọ̀ kan ní Ìrèsí fi irú òwú bẹ́ẹ̀ rán gáàwùn ìyàwó. Ẹ̀yìn gáàwùn náà ya níwájú pẹpẹ, níbi tí ìyàwó ti fẹ́ kúnlẹ̀ gbàdúrà. Mo wo ojú dókítà, mo sọ nínú ara mi pé èmi ni gáàwùn yìí.

Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kí n tó fèsì. Bàbá Wúrà bá mi lọ kó lè máa túmọ̀ níbi tí gẹ̀ẹ́sì mi bá ti kọsẹ̀. Ẹni tó gbà wá lálejò ni Míínà, ọmọ Íńdíà kan tí wọ́n bí síbí, onímọ̀ ẹ̀rọ, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, bisikíìtì kì í sì í tán nínú àpò rẹ̀. Ó mú wa lọ síwájú àpótí onígíláàsì kan. Abẹ́rẹ́ kan wà lókè tó ń tu oje jáde díẹ̀díẹ̀. Agbára iná mànàmáná ń fa oje náà wálẹ̀, kó tó délẹ̀ ó ti gbẹ, ó ti di òwú. Òwú náà tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tí ti aláǹtakùn á fi dà bí okùn ìso-ewúrẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá irin kan ń yí bíríbírí nísàlẹ̀, òwú ń wé mọ́ ọn bí ìgbà tí télọ̀ bá ń ká òwú sí bọ́bìnì. Bó bá wé tó, wọ́n á fa ọ̀pá yọ. Ohun tó kù jẹ́ nǹkan gígùn funfun oníhò, kò nípọn ju bírò lọ, kò sì sí ojú rírán kankan lára rẹ̀.

Oje oríṣi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀. Ọ̀kan wá láti ara kòkòrò tó ń pọ òwú sílíìkì, mọ̀lẹ́bí sányán tiwa. Ìkejì dà bí rọ́bà ìbàdí, ó máa ń fà. Míínà ní sílíìkì nìkan, ara á gbà á tayọ̀tayọ̀, ẹran á hù wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ á lù ú títí á fi ya. Èyí tó ń fà nìkan, ojú abẹ́rẹ́ á máa padé lára rẹ̀, á máa mí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, á máa dì mọ́ ọn. Iye tí èèyàn á bù nínú ọ̀kan sínú èkejì ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ó ti ń dín ọ̀kan, ó ti ń fi kún èkejì fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ìyàwó tuntun tó ń wá ìwọ̀n iyọ̀ tí ìyá ọkọ fẹ́.

Mo béèrè àwọn àgùntàn. Ó ní àwọn kan kú níbẹ̀rẹ̀, nígbà tí òun kò tíì rí àpòpọ̀ tó yẹ, ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan náà. Àwọn ti ìkẹyìn yè é, wọ́n ń jẹ koríko. Mo ní kí Bàbá Wúrà bá mi béèrè bóyá wọ́n jẹ ẹran àwọn tó kú. Ó kọ̀, kò túmọ̀ rẹ̀. Mo fi gẹ̀ẹ́sì ara mi béèrè. Míínà rẹ́rìn-ín títí bisikíìtì fi há a lọ́nà ọ̀fun, Bàbá Wúrà ló gbá a lẹ́yìn.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí àwọn àgùntàn tó kú yẹn. Ọlọ́jà tó bá sọ fún mi pé ọjà òun ti já rí, òun ni mo máa ń dá lóhùn.

Ó fún mi ní gígé kékeré kan kí n mú un lọ sílé. Mo délé, mo tan iná gáàsì, mo sun ún. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ òwú lọ́jà wa. Ìdajì rẹ̀ rùn bí irun tó jóná, èyí jẹ́ ti kòkòrò. Ìdajì yọ́, ó ká jọ di kókó dúdú ṣíńkínní, èyí jẹ́ ti rọ́bà. Ohun tó ń pariwo iná lókè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Bàbá Wúrà sáré jáde nílé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú. Nígbà tí mo ròyìn fún Míínà, ó ní ká ní mo béèrè, òun ì bá ti sọ fún mi láì jó ilé. Mo ní mo mọ̀. Àwọn tó ń kó òwú wá fún mi ní Ìlá náà máa ń sọ fún mi.

Ó ku ìyá mi. Bí mo bá pè wọ́n, a ní bí a ṣe ń ṣe é. Ṣé àlàáfíà ni? A dúpẹ́. Wúrà ńkọ́? Ó wà, a dúpẹ́. Ilé ńkọ́? A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyẹn ni ti àkọ́kọ́, kò sì sí òótọ́ kan níbẹ̀, kò sẹ́ni tó sì ń pè é ní irọ́. Mo máa wá béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé ṣé ó dá wọn lójú pé kò sí nǹkan. Wọ́n á ní kò sí o, àfi pé atẹ́gùn fẹ́ díẹ̀ níjẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo máa tó gbọ́ pé páànù ilé wa ti wà ní oko ẹgẹ́ aládùúgbò. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá tú àìsàn rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbéèrè àkọ́kọ́, kò lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kàn kí i ni, ó di ẹrù lé wọn lórí.

Nítorí náà ìbéèrè kẹta ni mo tó sọ̀rọ̀ iṣan fún wọn. Wọ́n bi mí pé:

"Ta ló hun ún?"

"Ẹ̀rọ ni, Ìyá."

"Ẹ̀rọ oníná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Bí wọ́n bá wá mú iná lọ ńkọ́?"

Mo ní wọn kì í mú iná lọ níbí. Wọ́n ní wọn ò tíì mú un lọ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí rọ́bà fi fà mí lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, ní ohùn tí n kò mọ̀ mọ́ wọn, "Jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn pé o lọ́mọ."

Mo sọ fún wọn. Mo sọ fún dókítà, mo sọ fún ẹni tó fún mi lóògùn oorun, mo sọ fún ọkùnrin tó ń ti ibùsùn mi lọ.

Nígbà tí mo jí, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Jénì, tó ń bójú tó àwa tí wọ́n fi iṣan náà sí lára, mú ìka mi, ó gbé e lé apá òsì mi. Apá náà ń kùn. Ó ń gbọ̀n lábẹ́ awọ bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní ojúlé kejì. Jénì ní ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré kọjá ni. Ó ní kí n máa fọwọ́ kàn án láràárọ̀ àti lálaalẹ́, kí n má gbé ẹrù lé e, kí n má sùn lé e. Bí kíkùn náà bá rọlẹ̀, kí n pè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dì síbẹ̀ nìyẹn, bó bá sì pẹ́ jù, wọn ò ní rí i ṣí mọ́. Rọ́bà ọrùn kò tíì ní kúrò títí iṣan tuntun á fi jinná tí abẹ́rẹ́ á lè wọ̀ ọ́.

Mo fẹ́ràn kíkùn náà ju bó ti yẹ lọ. Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá wò mí, mo máa ń fọwọ́ kàn án. Nǹkan kan ń bá mi sọ̀rọ̀ nílùú yìí níkẹyìn. Mo máa ń wò ó pé èmi tí mò ń bẹ ìjọba wọn lọ́dọọdún kí wọ́n jẹ́ kí n dúró, apá mi kan ti di ọmọ onílẹ̀ láì gba ìwé. Mo wá bi ara mi pé bí wọ́n bá ní kí n máa lọ sílé, ṣé wọ́n á ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ ni? Àti pé ta ló ni èèyàn tí òwú ìlú mìíràn ń gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kiri? Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ilé ìfọṣọ.

Bóṣénà ti gbé mi kúrò nídìí aṣọ ibùsùn ńlá, ó fi mí sídìí àpò ìrọ̀rí, nítorí ọwọ́ kan tó láti ká wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, mo fọwọ́ kan apá mi, kíkùn náà rọra. Ó wà o, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú yàrá. Mo ní òtútù ni. Àwọn ẹ̀rọ Ìlá pàápàá kì í tètè jí nígbà ọyẹ́. Mo wọ ẹ̀wù, mo lọ síbi iṣẹ́, mo fi káàdì kan ògiri.

Kí á tó lọ mu tíì ni Jénì pè. Ó máa ń pè wá ní òwúrọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Báwo lo ṣe wà lónìí? Apá ńkọ́?"

"A dúpẹ́," mo ní. "Ó dáa. Ọlọ́run ń ṣe é."

Ó ní inú òun dùn láti gbọ́ ọ.

Mo gbé fóònù létí. Mò ń retí ìbéèrè kejì. Mo ti ń to bí mo ṣe máa sọ ọ́: pé kò sí nǹkan kan, àfi pé ó rọlẹ̀ díẹ̀ láàárọ̀. Mo dúró. Ìgbà tó ṣe ni mo wo ojú fóònù, mo rí i pé Jénì ti lọ tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń béèrè níbí, wọ́n á sì gba ohun tí èèyàn bá wí gbọ́.

Mo fọwọ́ kan apá mi. Mo sún ìka sókè, mo sún un sísàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dákẹ́ bí ọjà tí wọ́n ti pa tán.

Mo pe Jénì padà. Ohùn inú ẹ̀rọ ló dá mi lóhùn, pé kí n tẹ oókan fún ti báyìí, kí n tẹ eéjì fún ti báyìí, ó sì ń sọ ọ́ kánkán bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo tẹ oókan, wọ́n fi orin sí i fún mi. Mo pe Bàbá Wúrà. Wọn kì í jẹ́ kó mú fóònù wọ ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó rẹ̀. Mo wá rántí nọ́ńbà Míínà tó wà lórí fóònù mi. Ó ti sọ fún mi pé òun kì í ṣe dókítà, ọ̀rọ̀ òwú nìkan ni kí n máa bá òun sọ. Mo pè é.

N kò kí i. N kò béèrè iṣẹ́, n kò béèrè ilé. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò kí i.

"Ó ti dákẹ́," mo ní.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń rọlẹ̀ láti àárọ̀. Mo sọ fún Jénì pé ó dáa."

"Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀ fún un?"

"Ó kí mi ni."

Míínà ní kí n máa lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, òun á ti pè wọ́n kí n tó débẹ̀. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́ bí o ṣe wà, sọ pé ó ti dákẹ́. Má sọ nǹkan mìíràn."

Bóṣénà rí mi tí mò ń wọ ẹ̀wù. Ó ní bí mo bá jáde báyìí, aago mi dúró síbẹ̀ nìyẹn. Mo ní kó dá a dúró, ohun tó ti dúró lára mi ju aago lọ. Mo na apá mi sí i, mo gbé ọwọ́ rẹ̀ lé e. N kò mọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀, torí kò sí nǹkan kan láti gbọ́. Ó gba káàdì lọ́wọ́ mi, ó fi kan ògiri fún mi, aago dúró. Nígbà náà ló pe takisí, òun fúnra rẹ̀, ó sì fi ohùn lílé-ewúrẹ́ rẹ̀ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé ọkọ̀, awakọ̀ náà sì fi ẹ̀sọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ náà.

Obìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ní, "Ṣé o wà dáadáa?" Ìkíni tiwọn nìyẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ńkọ́?" Ẹnu mi ti ń là láti sọ ọ́.

"Rárá," mo ní. "Ó ti dákẹ́."

Ó gbé ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà. Ó jọ pé ó pẹ́ tí ẹnì kan ti dá a lóhùn rí.

Wọ́n tẹ́ mi sórí ibùsùn tóóró. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti dí ojú ọ̀nà pátápátá. Ó ní àwọn á ti wáyà tín-ín-rín wọlé, àwọn á fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà jáde. Bó bá ṣí, ó ṣí. Bí kò bá ṣí, àwọn á yọ iṣan náà, rọ́bà ọrùn á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo béèrè pé títí dìgbà wo? Ó ní kí á kọ́kọ́ rí ti òní. Mo ti bá oníbàárà tó pọ̀ ṣòwò, mo mọ ìgbà tí ẹnì kan kò fẹ́ dárúkọ iye.

Míínà dé, ó ń mí hẹlẹ. Kò sí bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé òwú ló bàjẹ́?" mo bi í.

"N kò mọ̀."

"Bó bá jẹ́ òwú ńkọ́, ṣé wàá sọ fún mi?"

"Ìwọ ni n ó kọ́kọ́ sọ fún," ó ní. "Lẹ́yìn náà ni n ó lọ sunkún."

Apá nìkan ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa kú, ojú mi là sílẹ̀. Wọ́n fi aṣọ ṣe ìgànná láàárín èmi àti apá mi bí ìgbà tí aládùúgbò méjì bá jà. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé mi lápá, irú èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ọmọ inú, kí wọ́n lè gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá. Ariwo tó ń ti ibẹ̀ jáde dà bíi ti rédíò tí ìkànnì rẹ̀ ti lọ. Wọ́n fà. Ariwo rédíò náà la ṣì ń gbọ́. Wọ́n tún fà. Dókítà sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe fún etí mi. Mo ronú kan Wúrà, mo rí i tó ń gbé fóònù ìyá mi dání, tó ń sọ pé kò wọlé. Mo fẹ́ sọ fún wọn lẹ́ẹ̀kan sí i pé mo lọ́mọ, ṣùgbọ́n ètè mi gbẹ.

Ó wá dún. Ó kọ́kọ́ dún bí ẹni tó ń fẹ́ná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dákẹ́. Ó tún dún. Lẹ́yìn náà kò dákẹ́ mọ́, fúù, fúù, fúù, kíkankíkan, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ. Míínà tó wà lẹ́nu ọ̀nà jókòó sórí ilẹ̀.

Òwú kọ́ ló bàjẹ́. Ojú ibi tí wọ́n ti rán iṣan olówùú mọ́ iṣan ara mi ló fún pọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi há síbẹ̀. Wọ́n ti fi nǹkan bíi bàlúùnù kékeré tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú fẹ̀ ẹ́. Míínà ní ibi méjèèjì kò rọ̀ bákan náà, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé. Ó ní àwọn á fi kún èyí tó ń fà létí iṣan ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ní kó bá mi kí wọn. Ó ní kò tíì sí wọn. Mo ní kó máa kí wọn sílẹ̀.

Jénì kò béèrè bí mo ṣe wà mọ́ láti ìgbà náà. Ohun tó ń sọ ni, "Kí ni ìka rẹ gbọ́?" Ìyẹn kì í ṣe ìkíni, nítorí náà mo lè sọ òótọ́ fún un láì sọ ara mi di aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Mo pe ìyá mi lọ́jọ́ kejì.

"Ṣé àlàáfíà ni?" wọ́n ní.

"Rárá, Ìyá. Iṣan yẹn kú lánàá, wọ́n sì jí i padà."

Mò ń gbọ́ adìẹ wa lọ́hùn-ún.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni níbẹ̀ nìyẹn?" ni ìyá mi wí. Wọ́n fapá jánú sí mi lórí fóònù, pé mo ti dàgbà kọjá ẹ̀kọ́ ilé, pé àyà àwọn já sílẹ̀ láì tíì jókòó. Nígbà tí wọ́n bá mi wí tẹ́rùn, wọ́n gbé fóònù fún Wúrà. Wúrà ní, "Màámi, ìyá àgbà ń sunkún o, wọ́n ní kí n má sọ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Bóṣénà pín ìwé owó ọ̀sẹ̀ wa. Ó gbé tèmi lé orí àpò ìrọ̀rí, kò wò mí lójú, ó kàn fi ìka kan apá mi fẹ́rẹ́ bó ti ń kọjá lọ. Mo ṣí ìwé náà. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ takisí yẹn, wọ́n sì ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, wọn ò fojú fo ìṣẹ́jú kan. Mo rẹ́rìn-ín. Láyé mi, n kò tíì ra ọjà tó pọ̀ọ́kú tó apá mi yìí: pọ́n-ùn méjìdínláàádọ́ta àti pẹ́ńsì mẹ́rinlélọ́gọ́rin.